Káàdì Tó Kọjú sí Ògiri

Ẹ sún mọ́ ibí. Ẹni tó wà lójú oòrùn, kó bọ́ sábẹ́ òjìji. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà, kó fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ pa ìwé yín dé ná. Ìtàn òwú ni mo mú wá, kò sì sí òwú tí kò ní orí tí a fi ń fà á. Orí rẹ̀ nìyí, ẹ bá mi dì í mú.

Ní Táíwò Road, láàárín oníbàtà àti ẹni tó ń tún rédíò ṣe, ni Alájì Àhmádù ti ń ta òwú fún àwọn tó ń hun aṣọ òfì. Ilẹ̀ Haúsá ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Ìlọrin ni wọ́n bí òun àti bàbá rẹ̀ sí. Lẹ́yìn àga rẹ̀, pákó gbọọrọ kan wà lára ògiri, ìṣó sì wà lára pákó náà ní ìlà mẹ́rin. Orí ìṣó kọ̀ọ̀kan ni káàdì aláwọ̀ ìyeyè kan wà, tí wọ́n kọ orúkọ oníbàárà sí. Káàdì tó bá kọjú sí ọjà, ẹni tó ni ín lè gbé òwú lọ láwìn, kó mú owó wá bó bá ta aṣọ. Káàdì tó bá kọjú sí ògiri, ẹni tó ni ín á fi owó ra tirẹ̀ ni, bó ti wù kó bẹ̀bẹ̀ tó. Alájì kì í bú oníbàárà. Ó kàn máa ń yí káàdì ni. Gbogbo ẹni tó bá wọlé á sì rí i.

Káàdì Kàdíját ni ìkẹta ní ìlà àkọ́kọ́. Fún ọdún mẹ́sàn-án, kò kọjú sí ògiri rí. Láti ọjọ́ tí Láwàl ọkọ rẹ̀ ti kú, òwú ló ń bọ́ ilé wọn ní Pàkátà. Òun fúnra rẹ̀ ń hun aṣọ, ó sì ń ká òwú tà fún àwọn ahunṣọ àdúgbò. Bó bá ti ń ká a lorin ń jáde lẹ́nu rẹ̀, Màsúdát ọmọ rẹ̀ á sì máa gbè é:

*Òwú dúdú, òwú pupa,*
*ẹ yí mi lọ́wọ́, ẹ má já mọ́ mi lọ́wọ́.*
*Ohun tí ọwọ́ ọ̀tún mi gbà,*
*ọwọ́ òsì mi kò ní sẹ́ ẹ.*

Màsúdát jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà náà, lọ́dún 1992. Òun ni ìyá rẹ̀ máa ń rán lọ gbé òwú, nítorí náà Alájì mọ ojú rẹ̀, Sàní akọ̀wé ṣọ́ọ̀bù sì mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó wọlé.

Ẹnì kan tún wà tó máa ń gbe orin yẹn pẹ̀lú wọn. Ìyábọ̀ lorúkọ rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ló fi kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ Kàdíját, àwo kan náà ni òun àti Màsúdát fi ń jẹun. Ó fi ọdún mẹ́ta ju Màsúdát lọ. Nígbà tó yege, Kàdíját ṣe àdúà fún un, ó fún un ní ọkọ̀ ìhunṣọ tuntun tó ń gbé òwú kọjá lórí òfì, ó ní, "Lọ, àlùbáríkà á bá ọ dé ilé bàbá rẹ."

Oṣù kan lẹ́yìn náà ni Ìyábọ̀ dúró de Màsúdát lẹ́bàá ilé-kéú.

"Ìdì mẹ́ta péré," ló sọ. "Mo ti rí ẹni tó fẹ́ kí n hunṣọ fún òun. Òwú ni kò sí. Alájì ní òun ò lè ṣe káàdì fún ẹni tí òun ò mọ̀."

"Lọ sọ fún ìyá mi."

"Bí mo bá sọ fún Ìyá, wọ́n á ní kí n máa fi owó ra díẹ̀díẹ̀. Ìgbà wo ni mo fẹ́ dàgbà? O kàn máa sọ fún Alájì pé Ìyá ló rán mi ni. Kí ààwẹ̀ tó wọlé, mo ti san án tán. Ìyá ò tiẹ̀ ní gbọ́."

"Bí wọ́n bá wá gbọ́ ńkọ́?"

"Ta ló fẹ́ sọ fún wọn? Àbí mo ti di àlejò lọ́wọ́ rẹ, Màsúdát?"

Màsúdát ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wa ilẹ̀. Ìyábọ̀ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Sálúbàtà yìí náà lo fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ wólímọ̀ yín? Ọjọ́ tí wọ́n máa jókòó yí ẹ ká pé o ka Kùránì parí? Bàtà funfun ni wọ́n ń wọ̀. Èmi ni máa rà á fún ọ, nínú owó aṣọ yẹn."

Ẹ̀yin ọmọ, ògiri tí kò lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ibí yìí ni ògiri Màsúdát ti lanu. Ó ro ti bàtà, ó ro ti ọ̀rẹ́ tó ń pè é ní ẹni tó sọ òun di àlejò. Lọ́jọ́ Sátidé, ó mú Ìyábọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ káàárọ̀, Alájì. Ìyá mi ní kí Ìyábọ̀ máa bá wa gbé òwú."

Alájì Àhmádù sún gíláàsì ojú rẹ̀ sókè. "Ìyá rẹ ló rán an?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Alájì."

Sàní mú káàdì sọ̀kalẹ̀, ó kọ ìdì mẹ́ta sí i, ó dá a padà sórí ìṣó. Kò gba àkókò ju kí èèyàn mu omi ife kan lọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Ìyábọ̀ ní òun ti san án. Màsúdát gbà á gbọ́. Òwú tó wà nílé pọ̀, ìdánwò ilé-ìwé ń bọ̀, kò sì sí ohun tó gbé e lọ sí Táíwò Road mọ́ títí ààwẹ̀ fi wọlé tó fi ń lọ sópin.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n túnu ààwẹ̀ ni Kàdíját di gèlè rẹ̀, tó mú ọmọ rẹ̀ dání, tí wọ́n lọ gbé òwú tí àwọn ahunṣọ ti ń béèrè. Ṣọ́ọ̀bù kún. Kàdíját wo pákó, ó rí i pé káàdì ìkẹta ní ìlà àkọ́kọ́ kò lórúkọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ lásán ló rí.

"Sàní, atẹ́gùn ti yí káàdì mi. Bá mi tún un ṣe."

Sàní wo Alájì. Alájì ní, "Kì í ṣe atẹ́gùn, Ìyá Màsúdát. Èmi ni. Ìdì mọ́kànlélógún ló ti jáde, kọ́bọ̀ kò wọlé. Mo ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ọmọ tí ẹ ń rán wá. Ó ní ẹ ń bọ̀."

"Ọmọ wo ni mo rán?"

"Ìyábọ̀. Màsúdát yìí náà ló mú un wá síwájú mi."

Kàdíját yíjú. "Màsúdát, ìwọ lo mú un wá?"

Ẹnu Màsúdát gbẹ, kì í sì í ṣe ti ààwẹ̀ nìkan. Mọ́kànlélógún ń dún lórí rẹ̀ bí agogo. Ó rí ojú àwọn obìnrin tó dúró, ó rí ojú ìyá rẹ̀.

"Èmi kọ́, Ìyá. N kò mú ẹnì kankan wá."

Kàdíját kò gbọ́ irọ́ lẹ́nu ọmọ rẹ̀ rí, tàbí kó jẹ́ pé kò mọ̀ ọ́n bó bá gbọ́. Ó kọjú sí Alájì, ó ní, "Ẹ ti gbọ́. Ọmọ mi wà nínú ààwẹ̀, kò ní parọ́. Ẹ̀yin lẹ parọ́, Alájì. Òpùrọ́ ni yín, pẹ̀lú irùngbọ̀n yín. Ẹ fẹ́ gbé gbèsè ẹlòmíràn lé opó lórí."

Alájì fa tẹ̀súbáà rẹ̀ jáde lápò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. "Ọlọ́run ń gbọ́," ni gbogbo ohun tó sọ.

Nígbà tí wọ́n délé, Màsúdát sáré lọ sílé Ìyábọ̀. Jímọ́ọ̀, bàbá Ìyábọ̀, ń gé èékánná rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyábọ̀? Ó ti bá oníṣòwò kan lọ sí Mínnà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní aṣọ wa ń tà níbẹ̀. Kò sọ fún ọ? Ṣebí ìwọ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀." Ó nawọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Ó ní kí n fún ọ ní èyí."

Bàtà funfun ni. Ó ní ìdè wẹ́wẹ́, òórùn ọjà ṣì wà lára rẹ̀.

Lábẹ́ òfì Ìyábọ̀ tó ti ṣófo, Màsúdát rí bébà pupa tí wọ́n máa ń dì mọ́ ìdì òwú Alájì. Wọ́n ti gbá wọn jọ sí igun. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń kà wọ́n bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Nígbà tó kà á dé mẹ́rìnlá, ó fi í sílẹ̀. Mẹ́ta ni wọ́n jọ sọ. Àwo kan náà ni wọ́n fi jẹun fún ọdún mẹ́rin, ẹni yẹn sì lè rẹ́rìn-ín sí i, kó sọ pé òun ti san án, kó tún padà lọ gbé òmíràn lọ́jọ́ kejì. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Ó gbé bàtà náà délé. Wọ́n ti pe ìrun àṣálẹ́. Kàdíját gbé ife kókó dání láti fi ṣínu.

"Ìyá, èmi ni."

"Ìwọ kí ni?"

"Èmi ni mo mú Ìyábọ̀ wá síwájú Alájì. Mo ní ẹ̀yin lẹ rán an. Ìdì mẹ́ta ni mo mọ̀ sí, wàláhì, n kò mọ̀ sí ìyókù." Ó gbé bàtà kalẹ̀ lórí ẹní. "Ohun tó fún mi nìyí."

Kàdíját gbé ife náà kalẹ̀ láìfẹnu kàn án. Kò pariwo, kò gbá a létí. Ì bá ti gbá a létí, ọkàn Màsúdát ì bá fúyẹ́.

"Ìyábọ̀ jí òwú," ló sọ nígbà tó yá. "Òwú wà lọ́jà. Ìwọ, ẹnu mi lo jí. Ẹnu ààwẹ̀ mi ni mo fi pe ẹni ẹlẹ́ni ní òpùrọ́, nítorí pé mo gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀rọ̀ rẹ. Níbo ni mo ti fẹ́ ra ìyẹn?"

Ó bo òfì rẹ̀ ní aṣọ. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn kò sí orin nínú ilé.

Nígbà tó mọ́, ó ṣí àpótí rẹ̀, ó mú aṣọ òfì mẹ́ta tó fi wọlé ọkọ jáde, ó tà wọ́n. Ó ta ewúrẹ́ méjèèjì. Ó ní kí Màsúdát dá bàtà padà fún Jímọ́ọ̀, Màsúdát sì dá a padà. Kí wọ́n tó túnu ààwẹ̀, gbèsè ti pé. Kàdíját kúnlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù níwájú àwọn obìnrin, ó ní, "Alájì, ẹnu mi ló ṣì í sọ. Ẹ forí jì mí." Màsúdát dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀.

"Mo ti forí jì yín. Ẹ dìde, Ìyá Màsúdát."

"Káàdì mi ńkọ́, Alájì?"

Alájì mi orí. "Owó ti pé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ yín ló yí i, ẹ kò sì lè fi ọwọ́ yín yí i padà. Ẹ máa fi owó ra òwú ná."

Báyìí ni Màsúdát ṣe ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo Sátidé, pẹ̀lú owó ìdì kan ṣoṣo. Ìdì kan kò tó nǹkan. Àwọn ahunṣọ lọ bá ẹlòmíràn. Òfì ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ méjì, ó ń sùn ọjọ́ márùn-ún. Wólímọ̀ tí ì bá ṣe, wọ́n sún un sí ọdún tó ń bọ̀, nítorí owó sàárà kò sí. Sátidé kọ̀ọ̀kan, á wo ìlà àkọ́kọ́, ẹ̀yìn káàdì náà á máa wò ó padà.

Lọ́jọ́ kan, ó rọra béèrè, "Bọ̀dá Sàní, kí ni Alájì tún ń retí? A ti san gbogbo rẹ̀."

Sàní ń di ìdì òwú. "Èmi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìyá rẹ ti sọ̀rọ̀ níbí, Alájì náà ti sọ̀rọ̀. Ìwọ lo mú òwú yẹn jáde, n kò sì tíì gbọ́ ohùn rẹ."

Ọ̀rọ̀ yẹn bá a délé. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni. Sátidé méjì tún kọjá, kò lè la ẹnu. Ṣé níwájú gbogbo ọjà ni? Ta ló tún máa fojú èèyàn wò ó?

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin sí Iléyá. Gbogbo ẹni tó rin ìrìn-àjò ti ń padà wálé. Ṣọ́ọ̀bù kún bí ìgbà tí wọ́n ń pín omi ẹ̀rọ. Màsúdát ń ka owó fún Sàní nígbà tó gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn.

"Ibi tí mo ń sọ fún yín nìyí, Hàjíà. Wọ́n mọ̀ mí dáadáa níbí."

Ìyábọ̀ ni. Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ ń dún. Obìnrin kan láti Mínnà tẹ̀ lé e, ó fẹ́ ra òwú púpọ̀, ó sì hàn pé Ìyábọ̀ á rí nǹkan níbẹ̀. Sàní dìde dúró, ṣùgbọ́n Alájì gbé ọwọ́ sókè, ó ní kó jókòó.

"Ìyábọ̀," ni Alájì wí, "ṣé gbèsè kankan wà láàárín wa?"

"Gbèsè kẹ̀? Ẹ wo pákó yín, Alájì. Orúkọ mi ò sí níbẹ̀. Orúkọ Ìyá Màsúdát ló wà níbẹ̀, mo sì gbọ́ pé wọ́n ti san tiwọn." Ó rí Màsúdát, ojú rẹ̀ tàn bí ẹni pé àná ni wọ́n pínyà. "Àbúrò mi rèé. Ẹ bi í. Màsúdát, sọ fún Hàjíà pé o mọ̀ mí."

Màsúdát wò ó. Ó ń wá ìtìjú díẹ̀ lójú rẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ, kò rí i. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé eegun. Ẹni yìí kò gbàgbé ohun tó ṣe. Ó rò pé òun Màsúdát á tún parọ́ ni.

"Ṣé o mọ̀ ọ́n?" Alájì béèrè, ó sì sún gíláàsì ojú rẹ̀ sókè bíi ti ọjọ́sí.

"Mo mọ̀ ọ́n, Alájì." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló gbọ́ ọ. "Ọdún mẹ́rin ló fi jẹun nílé wa. Èmi ni mo mú un wá síbí, mo ní ìyá mi ló rán an. Irọ́ ni. Ìyá mi kò rán an rí. Nígbà tí ẹ sì sọ òótọ́ níwájú gbogbo èèyàn, mo sẹ́ ẹ, mo jẹ́ kí ìyá mi bú yín. Ẹ kì í ṣe òpùrọ́, Alájì. Èmi ni."

Ẹ̀gbà ọwọ́ Ìyábọ̀ kò dún mọ́. "Màsúdát, lẹ́yìn bàtà tí mo rà fún ọ?"

"Bàtà rẹ wà lọ́wọ́ bàbá rẹ. Ẹsẹ̀ mi kò wọ inú rẹ̀."

Obìnrin Mínnà yẹn wo Ìyábọ̀ láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Alájì, èmi fúnra mi ni máa bá yín nájà." Ìyábọ̀ dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń retí kí ẹnì kan bá òun rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ó jáde.

Alájì ti àga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Wá," ló sọ fún Màsúdát. "Ọwọ́ rẹ gùn tó."

Màsúdát kọjá sẹ́yìn tábìlì. Ó na ọwọ́ sí ìṣó kẹta ní ìlà àkọ́kọ́, ó sì yí káàdì náà padà. Eruku ti bo orúkọ ìyá rẹ̀. Ó fi etí hìjáàbù rẹ̀ nù ún.

"Ìdì kan láwìn," ni Alájì wí fún Sàní. "Bí owó ọ̀kan bá wọlé, kó gbé méjì. A ó máa gùn ún bọ̀ díẹ̀díẹ̀."

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ láti Táíwò Road dé Pàkátà. Nígbà tó di ọjọ́ Iléyá, lẹ́yìn ìrun, Jímọ́ọ̀ fa àgbò kan wọ agbo ilé Kàdíját. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Àgbò tí ọmọ mi mú wá láti Mínnà nìyí," ló sọ. "N kò lè fi òwú olówú ṣe Iléyá. Kò tó ohun tó gbé, mo mọ̀. Ẹ gbà á ná, ìyókù ń bọ̀."

Kàdíját gba okùn náà. "Ìyábọ̀ ńkọ́?"

"Ó ti lọ láàárọ̀. Kò dúró kírun."

Kàdíját wo ibi tí ọmọbìnrin yẹn máa ń jókòó sí nídìí òfì. Ó ní, "Ẹ jókòó, Bàbá Ìyábọ̀. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ jí òwú. Ẹ bá wa jẹ ẹran yìí."

Wọ́n pa àgbò náà. Kàdíját din mọ́sà, ó se tùwó, ó bu ẹran fún aládùúgbò ọ̀tún àti tòsì. Alájì Àhmádù wá, Sàní wá, àwọn ahunṣọ tó ti lọ bá ẹlòmíràn náà wá, wọ́n ń ṣe bí ẹni pé wọn kò lọ rí. Nígbà tí ọwọ́ dilẹ̀, Kàdíját ṣí aṣọ kúrò lórí òfì rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ orin. Màsúdát gbè é títí dé ìlà tó kẹ́yìn, ìlà tí kò lè kọ láti ìgbà ààwẹ̀:

*Ohun tí ọwọ́ ọ̀tún mi gbà,*
*ọwọ́ òsì mi kò ní sẹ́ ẹ.*

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rẹ́ tó bá ní kó o fi orúkọ òbí rẹ gba nǹkan fún òun, orúkọ yẹn ló fẹ́ gbé lọ, kì í ṣe nǹkan náà. Bó bá sì ti ṣẹlẹ̀, má gbà pé owó á tún un ṣe. Owó ń san gbèsè. Ẹnu tó parọ́ ló ń fi òótọ́ san tirẹ̀, níbi tí gbogbo èèyàn ti lè gbọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Má jẹ́ kó bá ọ lójijì. Lọ pàdé rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n kírun ìrọ̀lẹ́ tán lọ́jọ́ Iléyá yẹn, kálukú nu ọ̀rá ọwọ́ rẹ̀, kálukú di ẹran tó ṣẹ́kù mọ́ ewé, wọ́n ń kí ara wọn ní kú ọdún, wọ́n sì gba ọ̀nà ilé lọ. Ikùn wọn kún, ọkàn wọn balẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ dìde, ẹ gbọn aṣọ yín. Ìyá yín ti gbé oúnjẹ kalẹ̀.